Àmì Abẹ́ Lẹ́tà

Kọ̀ǹpútà tí ọkọ mi fi sílẹ̀ fún mi kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí mọ̀. Àpótí kékeré kan ni, ojú rẹ̀ kò tóbi ju àwo ìjẹun lọ. Ohun gbogbo ló lẹ̀ mọ́ra wọn lára rẹ̀: ojú, ọpọlọ, àti ẹnu tó fi ń gbé dísìkì mì. Nígbà tí a rà á lásìkò àwọn sọ́jà, ó funfun bí ẹ̀kọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, ìjọba alágbádá ti padà dé fún ọdún mélòó kan, ara kọ̀ǹpútà náà sì ti pọ́n bí eyín arúgbó.

Ìwé kẹrin ni mo ti kúrò nílé ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ tèmi nínú ilé ìtẹ̀wé ọkọ mi ní Bajulaiye, ní Ṣómólú, ni kí n máa ṣẹ́ pépà po, kí n máa tò ó, kí n sì máa fi abẹ́rẹ́ àti òwú dì í. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ mi kú, a ta ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ ra kọ̀ǹpútà. Mo jókòó tì í, mo ń fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ títí tó fi mọ́ mi lọ́wọ́.

Ohun tó jẹ́ kí n rí iṣẹ́ ṣe lórí rẹ̀ ni pé ó ní lẹ́tà ẹlẹ́sẹ̀. Bẹ́ẹ̀ làwọn onítẹ̀wé Ṣómólú ṣe ń pe ẹ, ọ àti ṣ, nítorí àmì tó wà lábẹ́ wọn. Kọ̀ǹpútà àwọn yòókù kò ní in. Ọkọ mi ló gbé tiwa lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan ní Palmgrove tó mọ bí wọ́n ṣe ń ya lẹ́tà sínú ẹ̀rọ. Àwọn méjèèjì mú àwọn àmì tí a kì í lò lójú bọ́tìnnì, wọ́n lé wọn jáde, wọ́n sì fi lẹ́tà tiwa rọ́pò wọn. Wọ́n lé ìràwọ̀, wọ́n fi ọ síbẹ̀. Wọ́n lé òdo méjì tó fi igi dábùú, wọ́n fi ẹ síbẹ̀. Ibi tí igi mẹ́rin ti gbé ara wọn bí ọgbà ewúrẹ́ ni wọ́n fi ṣ sí. Bí ìjọ kan bá fẹ́ tẹ ìwé ètò ìsìn ní Yorùbá tó péye, ọ̀dọ̀ mi ni onítẹ̀wé rẹ̀ máa ń wá.

Ìyẹn ni pé nígbà tí màmá mi kú ní Bàrígà, kò sẹ́ni tó bi mí ẹni tí yóò kọ ìwé ètò ìsìnkú rẹ̀. Màmá fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ nígbà tó wà láyé. Ó ti dàgbà kó tó mọ ìwé kà, ní kíláàsì àwọn àgbàlagbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, Yorùbá nìkan ló sì mọ̀ ọ́n kà. Ó ní, “Ìwọ ni kí o kọ tèmi. Kí o kọ ọ́ kí àwọn ẹgbẹ́ mi lè kà á. Èmi ò fẹ́ kí wọ́n máa jókòó wo fọ́tò mi bí ẹni ń wo kàlẹ́ńdà.” Mo ní mo gbọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo fi kọ ọ́. Mo kọ ibi tí wọ́n bí i, ẹ̀bá Ìjẹ̀bú-Igbó, mo kọ oko tó dá, mo kọ bó ṣe dé Bàrígà, mo kọ àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Ó kù kí àbúrò mi fọwọ́ sí i.

Àwa méjì péré ni màmá bí. Àbúrò mi ọkùnrin ti ń gbé lókè òkun láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú. Òun ni olórí ìsìnkú, mi ò sì bá a jà sí i. Ó pè mí lórí fóònù ilé.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́ o. Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí n wò ó.”

“Jẹ́ kí n kà á fún ọ báyìí. Ó wà níwájú mi.”

“Rárá, ojú ara mi ni mo fẹ́ fi rí i.”

Ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìsìnkú. Onítẹ̀wé ti ní bí òun ò bá rí iṣẹ́ gbà títí àárọ̀ Túsìdeè ọ̀sẹ̀ náà, òun ò lè bá mi ṣe é mọ́. Ọjọ́ pọ̀ nílẹ̀, mo rò pé ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Mo ki dísìkì bọ àpamọ́wọ́, mo fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí káfè kan ní Fọlá Agoro.

Obìnrin tó ni káfè náà kò ju ọmọ mi kejì lọ. Ó gba dísìkì lọ́wọ́ mi, ó yí i síwá sẹ́yìn.

“Màmá, níbo lẹ ti rí èyí?”

“Nínú kọ̀ǹpútà mi ni.”

“Kọ̀ǹpútà yín ò tíì fẹ̀yìntì?”

Gbogbo àwọn tó jókòó síbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó ki dísìkì sẹ́nu ẹ̀rọ tirẹ̀, ẹ̀rọ náà kùn, ó tún kùn, ó wá kọ nǹkan sójú. Mo ní kí ló wí.

“Ó ní kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó ń béèrè bóyá kí òun nù ún mọ́, kí òun lè lò ó.”

“Kí ó nu kí ni?” Ọwọ́ ara mi ni mo fi fà á yọ. Ìtàn ayé màmá mi ni ẹ̀rọ fẹ́ fi ṣe àkísà.

Ó ṣàlàyé fún mi pé irú ẹ̀rọ tèmi àti irú tàwọn kì í gbọ́ èdè ara wọn. Mo ní ṣé ó lè tún un tẹ̀ sínú tirẹ̀. Ó ní òun lè tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà ẹlẹ́sẹ̀ kò sí. Mo ní kí ó ya àwòrán ìwé tí mo ti tẹ̀ jáde, kí ó fi ìyẹn ránṣẹ́. Ó gbìyànjú. Àwòrán náà wúwo jù, ojú òpó fà á títí, iná lọ. Ìdajì ojú ìwé àkọ́kọ́ ni àbúrò mi rí gbà: iwájú orí màmá àti gèlè rẹ̀.

Ibẹ̀ ni obìnrin náà ti sọ pé ohun tó kù ni kí kọ̀ǹpútà tèmi fúnra rẹ̀ wọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó júwe bàbá kan fún mi ní Bàrígà, tó ti ṣiṣẹ́ wáyà tẹlifóònù fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fẹ̀yìntì, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe báyìí. Bàbá náà dé ní ọjọ́ kejì, ó wo ẹ̀rọ mi pẹ́ títí, ó yọ fìlà.

“Màmá, ọjọ́ tí mo ti rí irú èyí kẹ́yìn, mo ṣì ní irun lórí.”

“Ṣé ó lè wọ íńtánẹ́ẹ̀tì?”

“Yóò wọ̀ ọ́. Bóyá íńtánẹ́ẹ̀tì á gbà á ni mi ò mọ̀.”

Ó mú àpótí pẹlẹbẹ kan jáde, tí iná pupa ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. Ó so ó mọ́ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, ó fa wáyà fóònù ilé yọ, ó ki ìyẹn náà bọ̀ ọ́. Àpótí náà tẹ nọ́ńbà fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í fọn, ó wá ń ha, bí ìgbà tí èèyàn ń fi ṣíbí irin ha ìdí ìkòkò.

“Ó ti bàjẹ́,” mo ní.

“Kò bàjẹ́. Ó ń kí ẹ̀rọ tó wà lódìkejì ni.”

“Ìkíni yìí mà pẹ́ o. Ṣé ọkọ ìyàwó ni?”

Ọjọ́ kìíní, ó kí i títí, wọn ò dá a lóhùn. Ọjọ́ kejì, wọ́n dá a lóhùn, àwọn oníná sì mú iná wọn. Ọjọ́ kẹta ni a wọlé, tí ojú ìwé kan ń yọ díẹ̀díẹ̀ láti òkè, bí ẹni ń fa aṣọ ìkélé sílẹ̀. Ó gbà wá ní nǹkan bí ìdajì wákàtí. Nígbà tó yọ tán, ọ̀rọ̀ Òyìnbó mẹ́ta mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Mo ní kí bàbá kà á fún mi.

“Ó ní ohun tí ẹ ń lò ti gbó. Ó ní kí ẹ lọ gba tuntun.”

“Èmi ló ń bá wí ni, àbí kọ̀ǹpútà?”

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ní tèmi, ẹ̀rín ti ń tán lẹ́nu mi. Ohun tó tún wá ń bí mi nínú ni pé wáyà fóònù kan ṣoṣo ló wà nínú ilé. Bí àpótí oníná pupa bá ń lò ó, fóònù ò lè dún. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tí a tú wáyà, àbúrò mi ráyè wọlé.

“Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo ìgbà tí mo bá pè, wọ́n ń lo fóònù. Ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tí màmá wà ní mọ́ṣúárì?”

“Ìwọ náà ni mo ń wá ọ̀nà bá sọ̀rọ̀.”

“Mo ṣáà ń pè yín.”

“Bí o bá pè mí, n kò lè fi í ránṣẹ́. Bí mo bá ń fi í ránṣẹ́, o ò lè pè mí. Sinmi ìpè.”

Ọjọ́ kẹrin, bàbá náà dá ọgbọ́n kan. Ó ní kí a fi ojú ìwé aláràbarà yẹn sílẹ̀, kí a kàn da ọ̀rọ̀ náà lásán sínú lẹ́tà, láìsí fọ́tò, láìsí ọ̀ṣọ́. Ó tẹ ibì kan, ẹ̀rọ ronú, ó ní ó ti lọ. Mo bọ bàbá náà lọ́wọ́, mo gbàdúrà fún un, mo sin ín dé ẹnu ọ̀nà. Láti ọjọ́ náà ni fóònù ilé wa kò ti lè pe ìta mọ́. Ìta ń pè é, òun kì í pe ìta. Bàbá wá wò ó lẹ́ẹ̀mejì, kò rí ohun tó ṣe é.

Ní àárọ̀ Sátidé, àbúrò mi pè.

“Kí lẹ fi ránṣẹ́ sí mi yìí?”

“Ìtàn màmá ni.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ìràwọ̀ ló kún inú rẹ̀. Ìràwọ̀, òdo, òdo, ọgbà. Orúkọ màmá gan-an, mi ò lè pè é jáde lẹ́nu.”

Kò pẹ́ kó tó yé mi. Àwọn àmì tí ọkọ mi àti ọkùnrin Palmgrove lé jáde ni wọ́n padà sílé. Nínú ẹ̀rọ tiwa, ọ ni. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ tirẹ̀, tí kò mọ àdéhùn tí a ṣe, ìràwọ̀ ló rí. N kò lè bínú sí ẹnikẹ́ni, ìyẹn ló sì jẹ́ kí inú bí mi jù.

Mo padà sí káfè. Mo ní kí obìnrin tó ni ín kọ̀wé sí àbúrò mi, kí ó dá ọ̀rọ̀ náà padà sí àpótí lẹ́tà rẹ̀. Obìnrin náà wò ó, ó ní kò le. Òun yóò sọ fún kọ̀ǹpútà pé níbi gbogbo tó bá ti rí ìràwọ̀, kí ó fi o lásán sí i, ibi tó bá ti rí òdo méjì, kí ó fi e sí i, ibi tó bá ti rí ọgbà, kí ó fi s sí i.

“Láìsí ẹsẹ̀?” mo bi í.

“Màmá, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ń kọ Yorùbá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá jẹ́ Yorùbá á mọ̀ ọ́n kà.”

Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti parí. Ohun tí mo fi ọjọ́ mẹ́ta tẹ̀, tí mo fi ẹsẹ̀ sí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó gé gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo fà sẹ́yìn díẹ̀. Mo wá ronú pé èyí tí a óò tẹ̀ ṣì wà nílé pẹ̀lú àmì rẹ̀. Kí àbúrò mi ṣáà ti rí i kó ní ó dáa. Mo ní kí ó fi ránṣẹ́.

Ọ̀sán Sọ́ńdè ni fóònù dún. Kò kí mi.

“Kí ni màmá ṣe fún yín?”

“Ta ló ṣe kí ni?”

“Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìsìnkú, níwájú ìjọ àti àwọn ará ilé bàbá, pé ó fi ọkọ sílẹ̀!”

Mo mú ìwé mi. Mo rí ibẹ̀. Ohun tí mo kọ ni pé ní ọdún tí òjò kò rọ̀ dáadáa, màmá fi oko sílẹ̀, ó kó ọmọ rẹ̀ méjèèjì wá sí Bàrígà.

“Oko ni mo kọ.”

“Ọkọ ni mo kà.”

“Oko! Oko tí wọ́n ń ro. Kò sí àmì lábẹ́ rẹ̀.”

“Mo rí i pé kò sí àmì lábẹ́ rẹ̀.”

“Kò sí àmì nítorí oko kì í ní àmì!”

“Kò sí àmì lábẹ́ ohunkóhun nínú gbogbo ìwé náà! Báwo ni kí n ṣe mọ èyí tó bọ́ sílẹ̀ àti èyí tí kò ní tẹ́lẹ̀?”

Ó ní òun ò lè fọkàn tán ohun tí òun kò lè kà. Ó ní òun yóò kọ ti Òyìnbó níbẹ̀, òun yóò tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, òun yóò gbé e bọ̀ nínú báàgì, kí n má ṣe wàhálà mọ́. Ó gbé fóònù sílẹ̀.

Kí n má ṣe wàhálà mọ́. Mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Mo rí àwọn ìyá arúgbó Bàrígà tí wọn yóò jókòó ní ìlà iwájú pẹ̀lú awò ojú wọn, tí wọn yóò ṣí ìwé tí wọn ò lè ka ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, tí wọn yóò máa wo fọ́tò bí ẹni ń wo kàlẹ́ńdà. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo ti fi ń lọ tí mo ń bọ̀, nítorí pé ọkùnrin kan kò fẹ́ kí n kà á sí òun létí.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo mú ìwé náà, mo lọ bá obìnrin tó ń ta ìpè lábẹ́ agboòrùn ní ìkóríta Fọlá Agoro. Mo ní kí ó bá mi pe òkè òkun. Bí àbúrò mi ṣe ní “hẹ́lò”, mi ò jẹ́ kó sọ èkejì.

“Dákẹ́, kí o gbọ́.”

Mo kà á. Mo kà á láti ibi tí wọ́n bí i. Oòrùn wà lórí wa, ọlọ́kadà ń fọn fèrè, obìnrin kan tó ń kọjá dúró ó ń gbọ́. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo fà á: “Màmá fi o-ko sílẹ̀.” Mo ka ìyókù tán.

Mo rò pé ìpè ti já.

“Mo gbọ́,” ó ní. “Oko ni.”

“Oko ni.”

“Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi, ṣé oko nìkan ló fi sílẹ̀?”

Àga onípákó kan wà níbẹ̀. Mo jókòó sórí rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí a kúrò lábúlé. Ẹ̀yìn màmá ni òun wà. Òun ò rántí nǹkan kan. Bàbá tí òun mọ̀ ni èyí tó ń gbé pẹ̀lú wa ní Bàrígà. Kò sẹ́ni tó sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú fún un rí, mi ò sì tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, àfi ọkọ mi.

“Bàbá wa mú oko tí màmá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣán, ó fún àbúrò rẹ̀,” mo ní. “Kò bi màmá. Màmá dé ibẹ̀ láàárọ̀, ó bá ẹlòmíràn tó ń wú ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Ó padà sílé, ó gbé ọ sẹ́yìn, ó fà mí lọ́wọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.”

“Bàbá ńkọ́?”

“Lẹ́yìn ọdún méjì ló wá. Ó gbé ẹní lọ́wọ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé. Màmá ní kí n gbé àpótí ìjókòó fún un.”

Obìnrin agboòrùn ti kọjú sí ibòmíràn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ń gbọ́.

“Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀,” àbúrò mi ní.

“Àwọn ará ilé bàbá ńkọ́? Ìwọ lo pariwo lánàá.”

“Wọ́n ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Èmi nìkan ni mi ò mọ̀. Ẹ kọ méjèèjì.”

“Ti Òyìnbó tó o fẹ́ gbé bọ̀?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ẹ lọ tẹ̀ ẹ́.”

Mo délé, mo tẹ̀ ẹ́ sí i. Mi ò tíì sọ fún kọ̀ǹpútà pé kí ó tọ́jú rẹ̀ tí iná fi lọ. Mi ò tilẹ̀ kígbe. Iná dé láàárọ̀ Túsìdeè, mo tún un tẹ̀, mo sì gbé e sáré lọ bá onítẹ̀wé kí ó tó gba iṣẹ́ ẹlòmíràn.

Onítẹ̀wé náà fi ìka tọ ojú ìwé títí ó fi dúró níbì kan.

“Màmá, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì níbí. Ó fi oko sílẹ̀, ó fi oko sílẹ̀. Ṣé kí n yọ ọ̀kan?”

“Wo abẹ́ èkejì,” mo ní.

Ó gbé ìwé náà súnmọ́ ojú. Ó wò mí, ó tún wo ìwé. Ó lọ tan ẹ̀rọ.